Bàbá Oní-sìmẹ́ǹtì àti Ilẹ̀ Pálọ̀ Rẹ̀

Bí bàbá àgbà mi bá fẹ́ mọ̀ bóyá àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣì dára, kì í tú u wò. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi oríkèé ìka gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá dẹ etí sí i. Bí ó bá dún pẹ̀lẹ́, á ní kí wọ́n gbé e fún oníbàárà. Bí ó bá dún kò, á mi orí, á ní, "Èyí ti sùn." Sìmẹ́ǹtì tó bá ti sùn, kò sí omi tó lè jí i mọ́, ó ti di òkúta sínú àpò rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè fi àpò òkúta tàn án jẹ, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo Òkè-Ìlá ní Adó-Èkìtì fi ń pè é ní Bàbá Oní-sìmẹ́ǹtì, tí àwọn ọmọdé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn.

Ó kú lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí a ti dìbò tán, kí àwọn ológun tó gbé ìjọba fún alágbádá. Láti ìgbà náà làwọn ènìyàn ti ń yà sí ìsọ̀ ìránṣọ mi, tí wọ́n ń bi mí léèrè irú ènìyàn tó jẹ́ gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ títì ti sọ ọ́ di akọni lẹ́nu àwọn kan, ó sì ti sọ ọ́ di ọ̀dájú lẹ́nu àwọn mìíràn. Èmi Bísí, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mo bá a gbé jù, torí pé ìyá mi fi mí sọ́dọ̀ òun àti ìyá àgbà nígbà tó ń lọ sí Èkó. Mi ò lè sọ ìtàn ayé rẹ̀ tán, mi ò sì mọ̀ ọ́n tán. Èyí tí ojú mi rí ni màá sọ.

Kòkó ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ní oko kan lọ́nà Ìgèdè tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tí owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fò sókè, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo ẹni tó ní ilé alámọ̀. Bulọ́ọ̀kù ni kálukú fẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó yẹ kó máa roko wá ń gun ẹ̀yìn típà kiri. Bàbá wo oko, ó wo típà, ó sì jẹ́ kí igbó gba kòkó. Ó lọ sí Èkó, níbi tí wọ́n ti sọ pé ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ débi pé ṣe ni wọ́n ń tò lórí omi, tí wọn ò ráyè gúnlẹ̀. Ó bá ẹni kan tó mọ ẹni kan sọ̀rọ̀, kò sì pẹ́ tí lọ́rí àkọ́kọ́ fi dé iwájú ilé wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin sunkún nítorí kòkó yẹn, ó ní òógùn baba àwọn ló ń jóná. Bàbá kò bá a jà. Ó kàn sọ pé, "Ugi kòkó ò lè sáré bá ayé yìí mọ́."

Ó fẹ́ràn ohun tuntun bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn aṣọ ọdún. Ó ní ẹni tó bá ń ta ọjà ọ̀làjú gbọ́dọ̀ máa jẹ oúnjẹ ọ̀làjú, nítorí náà ìrẹsì òkèèrè ló máa ń jókòó jẹ níta ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo oníbàárà, pẹ̀lú ṣíbí. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á rọra gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á ní kí n wo inú ìṣaasùn bóyá iyán kù. Ìyá àgbà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Délé, ṣé ọ̀làjú ò yó yín ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ti máa fọ ọwọ́. "Ìrẹsì wà fún ojú ayé," á ní. "Usu ló mọ̀ mí."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lè mú kí ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni ìyá àgbà. Délé ni orúkọ àkọ́bí wọn, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì l'Ékòó, nítorí náà Ìyá Délé ni bàbá ń pè é. Ibà ló mú un, kò sì pẹ́ tó fi kú. Àwọn ará ilé rẹ̀ wá láti gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, torí pé nínú ẹbí tiwọn, ọmọbìnrin a máa padà lọ sùn sílé baba rẹ̀. Bàbá, àgbàlagbà tó ní lọ́rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Sámúẹ́lì, àbúrò ìyá àgbà, níwájú gbogbo wa. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ obìnrin náà fún òun. Inú yàrá rẹ̀ ni òun yóò sin ín sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọn yóò sì sin òun náà sí lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Bàbá Sámúẹ́lì fà á dìde. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, "Ẹ bá wa ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí a bá béèrè rẹ̀, kí ẹ lè fi ibẹ̀ hàn wá."

Wọ́n sin ín sínú yàrá rẹ̀ tó wà níwájú ilé, wọ́n sì fi pẹpẹ kékeré kan bò ó lórí. Lẹ́yìn náà ni òwò wá gbèrú gan-an, bàbá sì ní ojú ń ti òun láti máa ta sìmẹ́ǹtì nínú ilé alámọ̀. Ó wó ògiri iwájú. Yàrá ìyá àgbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti yàrá tí mo ń sùn, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sọ ọ́ di pálọ̀ ńlá kan. Ó yọ fèrèsé àtijọ́, ó fi tuntun síbi tó wù ú. Ó da yẹ̀pẹ̀ pupa sí i kí ilẹ̀ lè ga, ó da kọnkéré lé e, ó sì fi pólíìṣì pupa kùn ún títí tí ènìyàn fi ń rí eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Pálọ̀ yìí ló fi ń polówó ọjà. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, á mú un wọlé, á ní kó bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà wò. Mo bi í nígbà náà pé ṣé kò ní fi àmì sí ibi tí ìyá àgbà wà. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú òun. "Ta ni yóò gbàgbé ibi tí aya rẹ̀ sùn sí?"

Títì tó gba àdúgbò wa kọjá nígbà yẹn tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí lọ́rí méjì kì í lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fẹ̀yìn rìn. Ọjà bàbá wà lórí títì yìí, ó sì rí i pé ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá là, owó yóò kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbòmíràn ni. Òun ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n bá wa fẹ ọ̀nà náà, kí wọ́n sì da ọ̀dà sí i. Nígbà tí wọ́n pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan dìde, ó béèrè pé ilé ta ni wọn yóò wó. Ariwo sọ. Bàbá na ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó bá ń tọrọ títì fún ùlú, ulé tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ fi lélẹ̀. Bó bá kan tèmi, ẹ máa wó o." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó rò pé eteetí ìta ilé nìkan ni ọ̀nà náà yóò mú.

Nígbà tí ọ̀gá tó ń wọn ilẹ̀ dé, ó ní òun lè gba apá ọ̀tún, níbi tí ilé wa wà, òun sì lè gba apá òsì, níbi tí ilé Màmá Rúùtù wà. Opó tó ń dín àkàrà ni Màmá Rúùtù, kò sì ní ibòmíràn tí yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ọ̀gá náà ní kí alága ìgbìmọ̀ sọ èyí tó bá fẹ́. Wọ́n ta okùn láti fi hàn án. Okùn náà gba fèrèsé kan wọlé, ó gba àárín pálọ̀ wa, ó sì gba fèrèsé kejì jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ojú bàbá bó ṣe ń tẹ̀ lé okùn náà lórí ilẹ̀ pupa yẹn. Gbogbo àdúgbò ti jáde, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Màmá Rúùtù kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn di ọmọ rẹ̀ kékeré mú. Bàbá gbé ojú kúrò lára okùn náà. "Apá ọ̀tún," ló ní. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Wọ́n kí i, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lórí. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rán mi sí Ìyìn láti lọ sọ fún Bàbá Sámúẹ́lì pé kí wọ́n wá gbé ọmọ wọn. Wọ́n dé ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àgbà bíi mélòó kan, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ti ṣẹ́ léraléra láti fi wé e. Bàbá fi ibi tí ó wà lábẹ́ fèrèsé òsì han àwọn bíríkìlà. Wọ́n fọ́ ilẹ̀ dídán yẹn, wọ́n gbẹ́ títí, wọ́n sì kan ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ rí. Kò sí pẹpẹ, kò sí nǹkan kan. Bàbá ní fèrèsé ti yí, pé ó jẹ́ apá ọ̀hún. Wọ́n gbẹ́ ọ̀hún. Ó ní ó jẹ́ ìdí ògiri, ṣùgbọ́n ògiri tó ń wí kò sí mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló wó o. Ó bi mí pé ibo ni yàrá mi ti parí nígbà náà. Mo wò títí, mi ò mọ̀.

Nígbà náà ni ó wólẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkèé ìka gbá ilẹ̀ pálọ̀, láti igun kan dé èkejì, ó ń dẹ etí, ó ń sún síwájú, ó tún ń gbá a. Àwọn bíríkìlà dúró, wọ́n mú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Àwọn àna rẹ̀ dúró pẹ̀lú aṣọ funfun. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹni tó fà á dìde. Ẹ̀rù bà mí, torí pé mo rí i pé kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó bu ẹ̀kúnwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan nínú ihò tí wọ́n gbẹ́, ó nà án sí wọn pé kí wọ́n fi aṣọ náà wé ìyẹn. Bàbá Sámúẹ́lì kò gbà á. "Àna wa," ó ní, "a ò wá gba yẹ̀pẹ̀."

Katapílà dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá lọ jókòó sórí àpótí Màmá Rúùtù ní òdìkejì, ó sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ohun tí katapílà hú kò ju bulọ́ọ̀kù àti kọnkéré lọ. Ó wo gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú típà, mo sì mọ ohun tó ń wá. Bọ̀ọ̀dá Délé wá láti Èkó, ó bú baba rẹ̀ níta gbangba, ó ní ó fi ìyá àwọn tọrọ àtẹ́wọ́. Mo rò pé bàbá yóò bínú, nítorí kì í gba ìsọkúsọ lọ́dọ̀ ọmọ. Ó kàn fa àpótí kan fún un pé kó jókòó. Ìdajì ilé ló kù fún wa. Ògiri inú, tí a kùn ní búlúù, tí kàlẹ́ńdà ṣì so mọ́, wá kọjú sí títì, gbogbo ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sì ń wo inú ilé wa. Bàbá tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún gbogbo ìlú kò rẹ́ ògiri yẹn títí ó fi kú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣí títì náà, ìjọba fi í sí àga iwájú. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó di gbohùngbohùn mú, ó wo ọ̀dà dúdú yẹn. "Ẹ máa rọra sáré lórí rẹ̀," ló sọ, ó sì jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé nítorí ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n ní kí òṣèlú padà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń wá bẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kó dupò. Wọ́n ní ẹni tó fi ilé ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, kò sí ẹni tí kò ní dìbò fún un. Ó fún wọn lómi mu, ó sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. "Ohun tí mo ní láti fún ùlú," ó sọ fún wọn, "mo ti fún un."

Òwò ń lọ dáadáa. Títì ṣe ohun tó sọ pé yóò ṣe: ọkọ̀ pọ̀, ṣọ́ọ̀bù pọ̀, Màmá Rúùtù fi páànù bo ìsọ̀ rẹ̀, èmi náà rí oníbàárà láti Ìyìn àti Ìgèdè. Mi ò ní purọ́, a jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó pọ̀, bàbá á jáde, á dúró sórí títì. Bó bá dúró sí eteetí lónìí, lọ́la á bọ́ sí àárín. Á ní, "Ìyá Délé, o kú ulé o," á sún síwájú, á tún kí i. Àwọn awakọ̀ á fọn fèrè, àwọn kan á bú u ní wèrè. Inú máa ń bí mi, ìtìjú sì máa ń bá mi. Mo jáde lọ fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo bi í pé kí ló dé tí kò lè dúró sójú kan. Ó wò mí, omi wà lójú rẹ̀. "Bísí, mo rò pé bí mo bá kí i níbi gbogbo, n ò ní ṣàì kí i níbi tó wà."

Mi ò fà á lọ́wọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo máa ń gbé àga mi síta, màá jókòó, màá sì máa na ọwọ́ sí àwọn awakọ̀ pé kí wọ́n rọra.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, àyà ló ń dùn ún, àwọn dókítà sì ní eruku sìmẹ́ǹtì ni. Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti wòlíì ìjọ wa. Ó ní bí òun bá kú, kí a má gbé òun lọ sí itẹ́ òkú ìjọ. Kí a sin òun sí ìta, síbi tó ṣẹ́kù láàárín ògiri búlúù yẹn àti títì. Kí a má fi sìmẹ́ǹtì bo òun. Kí a má fi òkúta sàmì sí i, kí a má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ ti ń yí ni, mo ní, "Bàbá, etí títì ńkọ́? Wọ́n á tún fẹ̀ ẹ́." Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ le gan-an fún ẹni tó ń kú lọ. "Mo mọ̀," ó ní. "Mo mọ ayé tí a wà yìí. Títì yóò tún gbòòrò. Lọ́jọ́ náà, abẹ́ ọ̀dà kan náà ni èmi àti Ìyá Délé yóò wà."

Ó kú, Bọ̀ọ̀dá Délé sì dé pẹ̀lú owó báńkì. Ó ti ra táìsì, ó fẹ́ kọ́ sàréè tí gbogbo Adó yóò máa wò. Àwọn oníbàárà bàbá gbé àpò sìmẹ́ǹtì wá lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi bọlá fún un. Nígbà tí mo sọ ohun tí bàbá wí, ó pariwo mọ́ mi, ó ní ṣé yẹ̀pẹ̀ lásán ni òun yóò fi bo baba òun bí ẹran, kí ọkọ̀ lè wá máa gun bàbá lórí bíi ti ìyá àwọn. Wòlíì jẹ́rìí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni bàbá sọ, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Délé kò gbà. Wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì.

Bàbá Sámúẹ́lì ló wá dìde. A kò rò pé yóò wá rárá, torí pé láti ọjọ́ tí wọ́n fi aṣọ funfun padà sí Ìyìn, kò tún bá bàbá sọ̀rọ̀. Ó rìn lọ síbi tí ihò náà wà, ó wo títì, ó wo ihò. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá lóòótọ́ ni bàbá sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Délé. "Ìyá rẹ ni mo fi sọ́wọ́ ẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó lọ wá a."

Bọ̀ọ̀dá Délé jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Yẹ̀pẹ̀ ni a fi bo bàbá. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti pò sùn sínú báàfù, a sì gbé e jù nù. Òjò oṣù yẹn tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, koríko hù, ìyàtọ̀ kankan kò sí láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ tó yí i ká.

Ìjọba tuntun kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Wọ́n ní Adó ti ń dàgbà, títì Òkè-Ìlá kò gba ọkọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tún dé, pẹ̀lú okùn àti èèkàn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kun lórí. Gbogbo àdúgbò jáde. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tó ń búra ń búra. Màmá Rúùtù ló sọ fún wọn pé òkú wà ní iwájú ilé tèmi, bóyá ó rò pé oore ni òun ń ṣe fún mi. Ọ̀gá wọn wá bá mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, wọ́n ní bàbá yín wà níbí. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ibẹ̀ hàn wá. A lè yí okùn kúrò níbẹ̀, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbòmíràn."

Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ mi dúró. Mo wo koríko yẹn. Mo mọ ibi tí orí rẹ̀ wà, mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, mo lè fi ìka sí i bí mo bá di ojú mi méjèèjì.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀," mo ní. "Ilẹ̀ lásán ni. Ẹ máa kan èèkàn yín lọ."